Ẹ Gbọ́ Tẹnu Wa Kí Ẹ Tó Dájọ́

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2 kan, Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago tó lù.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí bí orin orílẹ̀-èdè. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀lẹ ni wọ́n." "Fóònù ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ìwé." "Wọn ò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà ò dá ṣáká." "Owó òjijì ni gbogbo wọn ń wá." "Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sílé ìwé." À ń gbọ́ ọ nílé, à ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, à ń gbọ́ ọ lórí ìlà láàárọ̀, a tún ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Bí ọmọ kan bá jí ẹran nínú ọbẹ̀ ládùúgbò, gbogbo wa la jí i.

Mi ò wá síbí láti bú àgbà. Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, àwọn àgbà fúnra wọn ló sì kọ́ wa: agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Tótó ó ṣe bí òwe o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì wa.

Gbogbo wa la mọ aago tí wọ́n ń ti géètì. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ ohun tó ń dúró dè é: yóò kúnlẹ̀, yóò jẹ pàṣán, lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní àdá kó lọ gé koríko ẹ̀yìn kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń sọ sí wọn lórí ìkúnlẹ̀ kì í yí padà: "Oorun ni ẹ ń sùn nílé! Ọ̀lẹ gbogbo!"

Ó dáa. Ẹ wá bá mi wo àwọn tó kúnlẹ̀ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Òun ló ń koná, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, òun náà ló ń wẹ̀ fún àbúrò méjì, tí yóò mú wọn dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó kọrí sí tiwa. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé kànga kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wọn ń fà. Bí kò bá tò síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí omi nílé wọn títí di alẹ́ nìyẹn. Ẹlòmíì wà tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, torí pé owó ọ̀kadà ti ju ohun tí òbí ẹ̀ lè fún un lójúmọ́ lọ. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀yin fi rìn nígbà tiyín náà ló fi ń rìn.

Lóòótọ́, oníoorun wà níbẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n, àwọn náà mọ ara wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín báyìí bí wọ́n ṣe ń ka ibí yìí. Ṣùgbọ́n pàṣán ò mọ ìyàtọ̀. Oníoorun àti ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kí oòrùn tó yọ, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu géètì.

Pàṣán gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Kí wọ́n tó gé koríko tán, pírídì àkọ́kọ́ ti lọ. Ní kíláàsì tiwa, ìṣirò ló sábà máa ń wà ní pírídì àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá pàdánù ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ yé e? Tí èsì ìdánwò bá wá jáde, tí máàkì rẹ̀ kéré, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ṣebí a ti sọ pé ọ̀lẹ ni." Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹnu géètì ni wọ́n ti sọ ọmọ yẹn lórúkọ, inú kíláàsì ni orúkọ náà ti wá rò ó. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe pé orúkọ burúkú ń dun etí wa nìkan, ó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ géètì ilé ìwé kan lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lẹ́nu géètì wa náà ló rí ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ rántí ìdánwò JAMB ọdún 2025, èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣe.

Àwọn tó ṣe ìdánwò náà lọ́dún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Karùn-ún, JAMB sọ pé nínú ọmọ 100 tó ṣe é, ó lé ní 75 tí kò gba tó 200 nínú 400. Ariwo ta! Kí làwọn èèyàn sọ? "TikTok ni wọ́n ń wò, wọn ò kàwé." "Ìran tó ti bàjẹ́ nìyí." Àwọn kan tilẹ̀ ní inú wọn dùn, pé ó fi hàn pé àwọn ọmọ ò ráyè jíwèé wò mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fìdí rẹmi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB jáde síwájú àwọn oníròyìn. Ó ní àṣìṣe wà lọ́wọ́ àwọn, nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Àwọn ọmọ tó kàn jẹ́ 379,997. Bàbá náà tọrọ àforíjì, omi bọ́ lójú ẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Èmi bọ̀wọ̀ fún bàbá yẹn. Kò rọrùn fún àgbà láti dúró níwájú gbogbo ayé kó ní àwọn ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti bú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ pé ẹnìkan nínú wọn padà wá sọ pé, "Ẹ má bínú, a ò tíì wádìí ká tó sọ̀rọ̀"? Ọmọ tí wọ́n pè ní olódo láàárín àwọn ọjọ́ yẹn, ta ló bá a gba orúkọ rẹ̀ padà?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré, kọ̀ǹpútà ló fà á. Àwọn tí kò kàwé wà, kódà wọ́n pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé lọ́jọ́ tí ariwo yẹn ta, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàwé yàtọ̀ sí èyí tí kò kà. Ẹnu ti yá ju etí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ "nígbà tiwa," torí ọ̀rọ̀ yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wa nìyẹn. Nígbà tó di 1979, ẹgbẹ́ UPN gba ìjọba ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bẹ́ńdẹ̀lì, wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́. Ọmọ tó wọ fọ́ọ̀mù wáànù lọ́dún yẹn ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì báyìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ò sọ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn di ọ̀lẹ. Ó sọ wọ́n di tíṣà, ó sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì, ó sọ wọ́n di lọ́yà. Inú wa dùn sí i, torí àwọn náà ló bí wa, àwọn náà ló ń kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Ààrẹ Buhari sọ nílùú London pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ni kò lọ sílé ìwé, tí wọ́n sì ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ wa ti ní epo rọ̀bì, ó yẹ kí àwọn jókòó láìṣe nǹkan kan, kí wọ́n máa gba ilé, ìtọ́jú àìsàn àti ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò dárúkọ ọ̀lẹ lẹ́nu o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ ọ̀lẹ ni gbogbo ìlú gbọ́, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa lára. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ohun àmúyangàn ní 1955, ṣé òun náà ló wá di ìwà ọ̀lẹ ní 2018?

Àwọn ẹ̀gbọ́n tó sì lọ sílé ìwé náà ńkọ́? Ní 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹ rí tó jókòó sílé lọ́dún yẹn, ẹni tí wọ́n ti ilé ìwé mọ́ lójú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ ọ ládùúgbò pé, "Ìjókòó nìyí látàárọ̀, o ò lè lọ wá nǹkan ṣe?" Àwọn kan sì lọ wá nǹkan ṣe lóòótọ́: wọ́n ń ṣe irun, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n ń gba owó fúnni nídìí POS. Àwọn tó ń bú wọn yìí náà ló ń lọ bá wọn ra ọjà.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló kàn. Mi ò ní jiyàn, a fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó wà lórí fóònù títí di aago méjì òru, tó wá ń tòògbé ní pírídì báyọ́, kó má wulẹ̀ wá awáwí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé inú fóònù yẹn kan náà ni a ti ń rí ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, torí owó ìwé ti wọ́n jù. Inú ẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ti ń bá ìyá wọn ya fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà. Tí NEPA bá múná lọ, iná fóònù náà la fi ń ka nóòtù. Ẹ jọ̀ọ́, kí n bi yín ní ìbéèrè kékeré kan: ta ló ń fi àdúrà gígùn àti fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láago márùn-ún ìdájí, tó ní ká fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kíákíá? Àwa ọmọdé kọ́ o.

Wọ́n tún ní a ò gbọ́ Yorùbá. Èyí ló ń ya mí lẹ́nu jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó wà lẹ́nu ọmú, wọ́n sì ń fi yangàn níwájú àlejò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, tí ọmọ bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, yóò san owó ìtanràn tàbí kó jẹ ẹgba. "Vernacular" ni wọ́n ń pe èdè bàbá wa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé wo ló bá wọn jókòó sípàdé yẹn? Ẹni tó na ọmọ torí pé ó sọ Yorùbá, kò yẹ kó tún nà án torí pé kò gbọ́ ọ.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Yahoo. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọ́tà pa á: ó wà láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó ń ba orúkọ jẹ́, olè sì ni olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe máa ń rí níbi ayẹyẹ. Tí ọmọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bá gbé mọ́tò ńlá dé, ta ni onílù ń kì? Ta ni wọ́n ń fún ní àga iwájú? Ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń ṣàdúrà fún un láìbéèrè ibi tó ti rí i? Àgbà ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá dúró síwájú àwa tí a ò rí owó ọkọ̀, wọ́n á ní owó òjijì ni gbogbo wa ń wá.

Mo lè dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe bẹbẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré onídìí-igi 100 mítà, kò sì tíì sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya, ẹni tó dàgbà ní Ìkòròdú, ta ayò chess fún wákàtí 60 ní New York kó lè kówó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbára lé àwọn ẹni ńlá wọ̀nyẹn. Kò yẹ kí ọmọ kan fi dandan borí gbogbo ayé kí ẹ tó gbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ ẹlẹ́wà tó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì wa tó ẹlẹ́rìí.

Ó ku ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ fún oníoorun. Àwa náà kì í gbọ́ ẹjọ́ àgbà ká tó dá a. "Àwọn dádì wọ̀nyí, wọn ò mọ nǹkan kan." "Ayé ti kọjá wọn." À ń fi ìyá àgbà tí kò mọ ATM tẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a ò sì bi í léèrè bó ṣe fi orí ru igi títí tó fi rán ọmọ márùn-ún nílé ìwé. Tíṣà kan lè máa pariwo mọ́ wa láàárọ̀, a ò mọ̀ bóyá òun náà fẹsẹ̀ rìn wá ni. Òfin tí mò ń bẹ àgbà pé kí wọ́n pa mọ́, ó kan àwa náà.

Kí ni mo wá fẹ́? Mi ò ní kí wọ́n má jẹ ọmọ níyà. Ilé tí kò lófin, ó ti tú. Nǹkan mẹ́ta péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́nu géètì wa.

Èkíní, kí wọ́n gbé ìwé ńlá kan síbẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí tó fi pẹ́, kí tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà bi í léèrè kó tó gbé pàṣán. Tó bá jẹ́ oorun ni, ẹ fún un ní àdá. Èmi fúnra mi á bá yín pọ́n ọn.

Èkejì, kí gígé koríko di lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí. Ìyà tó tọ́ sí ọmọ, kó jẹ ẹ́. Àmọ́ kó má fi ìṣirò san án.

Ẹ̀kẹta, tí ìdí kan náà bá fara hàn nínú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta fún ọmọ kan, kí ilé ìwé ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Bóyá ẹlòmíì á lè bá wọn gbé ìkòkò ẹ̀wà yẹn. Bóyá kò ní ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ìwé á ti mọ irú ọmọ tó wà níwájú rẹ̀.

Ìwé kan, bírò kan, ìbéèrè kan. Kò ní ná wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà ká kà á. Tó bá jẹ́ pé oorun ló kún inú rẹ̀, ẹ máa pè wá ní ọ̀lẹ lọ, a ò ní bínú.

Tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ èsì tirẹ̀ wá fún Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbẹ́ tèmi yìí gan-an la ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí gbogbo èèyàn lè ka méjèèjì.